Àtìbà àti Òfin Àrẹ̀mọ: Bí A Ti Gbìyànjú Láti Tún Ilẹ̀-Ọba Ọ̀yọ́ Ṣe

"Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá," ni àwọn baba wa máa ń wí. Òwe yìí kúrú lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ ní ìtumọ̀. Ọba kan a máa jẹ ní ìgbà tí ilé kún tí ọ̀nà sì là. Òmíràn a sì gun orí ìtẹ́ ní ìgbà tí ògiri ti lanu, tí aláǹgbá sì ti ráyè wọlé. Iṣẹ́ ẹni ìṣáájú kò ju kí ó tọ́jú ohun tí ó bá nílẹ̀. Ti ẹnìkejì ni ó ṣòro, nítorí òun ni ó ní láti mọ ohun tí yóò tún ṣe, ohun tí yóò wó, àti ohun tí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn. Nínú àròkọ yìí a fẹ́ yẹ ọ̀kan nínú irú àwọn ọba bẹ́ẹ̀ wò, èyí nì ni Àtìbà, Aláàfin Ọ̀yọ́, ẹni tí ó gba ilẹ̀-ọba tí ó ti wó, tí ó sì fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún gbìyànjú láti tún un kọ́. A óò rí i pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ yọrí sí rere; a óò sì rí i pé òfin rẹ̀ tí ó dára jù lọ ni ó fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jù lọ. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Bóyá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ajah tàbí ní Lẹ́kí yóò bèèrè pé, "Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́?" Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ ẹṣin àti ọkà bàbà, ilẹ̀ omi ni tiwa, ilẹ̀ ọkọ̀ àti àwọ̀n, tí òkun wà ní ọwọ́ kan tí ọ̀sà sì wà ní ọwọ́ kejì. Ìbéèrè náà tọ́, a ó sì dáhùn rẹ̀. Ọjà tí ń wọ inú ọkọ̀ ní Ẹ̀jìnrìn, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ìkòròdú, láti òkè ni ó ti ń wá. Bí òkè bá tòrò, ọ̀sà a kún fún epo àti aṣọ; bí òkè bá dàrú, ìbọn àti ẹ̀tù ni yóò máa gòkè, ẹrú ni yóò sì máa sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òrùlé Ọ̀yọ́ jó, èéfín rẹ̀ dé etí omi wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí òrùlé náà ti rí kí iná tó mú un.

Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Kàtúngà, ni olú-ìlú ilẹ̀-ọba tí ó tóbi jù lọ tí àwọn Yorùbá ti dá sílẹ̀ rí. Agbára rẹ̀ wà nínú àwọn ẹlẹ́ṣin ogun rẹ̀. Láti òkè Ọya ni ẹṣin ti ń wá. Láti etí òkun, ní ìhà Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní Porto-Novo, ni ọjà àwọn òyìnbó ti ń gòkè. Àwọn ará Dàhòmì ń sin Ọ̀yọ́, àwọn Ẹ̀gbá náà sì ń sìn ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ilé ró náà ni ó wá di ìṣòro rẹ̀. Púpọ̀ nínú ọrọ̀ tí ń wọlé jẹ́ owó ẹrú, ilẹ̀ tí ó bá sì ń fi tita ènìyàn jẹun kò lè ní àlàáfíà pẹ́ títí. Àwọn tí wọ́n ń sìn ín kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni wọ́n ń bà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kan náà ni Lísàbí kó àwọn Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n sì já àjàgà náà kúrò ní ọrùn wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1823 ni Gezo, ọba Dàhòmì, náà kọ̀ láti sìn mọ́.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú ṣáájú Àtìbà. Ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, Baṣọ̀run Gáà gba agbára mọ́ àwọn Aláàfin lọ́wọ́, ó sì ń fi ọba jẹ, ó ń fi ọba kú, bí ẹni pé ayò ni ó ń ta. Aláàfin Abíọ́dún ni ó pa agbára Gáà run ní ọdún 1774, tí ilẹ̀ fi rọ̀ tí òwò sì gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe Abíọ́dún kò kọjá orí Abíọ́dún. Nígbà tí ó wàjà ní ọdún 1789 tí Aólẹ̀ sì jẹ, ìjà tún dé láàárín ọba àti àwọn ìjòyè. Àfọ̀njá, Arẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, mú Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Fúlàní gba Ìlọrin fún ara wọn, tí ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá sì dí. Olúewu ni Aláàfin tí ó jẹ kẹ́yìn ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó ké sí àwọn ará Bàrìbá kí wọ́n wá bá òun ja Ìlọrin, ó sì kú nínú ogun náà ní nǹkan bí ọdún 1836. Àwọn ará ìlú tú ká. Igbó gba ààfin.

Báyìí ni ọ̀ràn rí nígbà tí Àtìbà yọ síta. Ọmọ Abíọ́dún ni. Kì í ṣe inú ààfin ni ó gbé dàgbà. Jagunjagun ni, ọlọ́gbọ́n sì ni, ó mọ ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí a ń dákẹ́. Nígbà kan ó bá Ìlọrin ṣe pọ̀, nígbà mìíràn ó yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìlú kan wà ní ìhà gúúsù tí à ń pè ní Àgọ́-Ọjà, tí a fi orúkọ Ọjà tí ó tẹ̀ ẹ́ dó pè. Lẹ́yìn ikú Ọjà, agbára ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ Àtìbà ní ìkẹyìn. Nígbà tí wọ́n fi í jẹ Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1837, kò ronú àtipadà sí Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó jìnnà tó nǹkan bí máìlì 80. Ó sọ Àgọ́ di Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ tí ó sì wà títí di òní nìyẹn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú kékeré wo ìpinnu yìí. Àwọn ènìyàn púpọ̀ ń retí pé kí ọba tuntun kó wọn padà sí ilé àwọn baba wọn, sí orórì àwọn ọba ìṣáájú. Àtìbà mọ̀ pé ibẹ̀ ti súnmọ́ Ìlọrin jù. Ó yàn láti gbé orúkọ àti oyè wá sí ibi tí ààbò wà, dípò kí ó gbé ènìyàn lọ sí ibi tí orúkọ wà. Ó tún àwọn oyè Ọ̀yọ́ Mèsì dá sílẹ̀, ó sì kọ́ ààfin. Ó kó àwọn ará ìlú tí ó wà nítòsí wá kún Ọ̀yọ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ni ó fi pẹ̀lẹ́tù mú. A fi ipá ṣí àwọn mìíràn nídìí kúrò ní ilé wọn. Ìwé ìtàn tí ó bá fi èyí pamọ́ kò ṣe òótọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lọ́gbọ́n jù lọ ni bí ó ti pín ẹrù. Ìlú méjì tí ó lágbára ni ogun ti bí: Ìbàdàn àti Ìjàyè. Jagunjagun ni ó kún inú méjèèjì, kò sì sí ọba kan tí ó lè pàṣẹ fún wọn bí Aláàfin ìgbàanì ti ń pàṣẹ fún àwọn Baálẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti bá wọn jà kí ó sì parun. Àtìbà fi oyè Baṣọ̀run fún Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn, ó sì fi oyè Arẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò fún Kúrunmí ní Ìjàyè. Wọ́n fi ẹnu kò pé kí Ìbàdàn máa ṣọ́ ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, níbi tí Ìlọrin gbé ń halẹ̀. Kí Ìjàyè máa ṣọ́ àwọn ẹkùn ìhà ìwọ̀-oòrùn. Kí Aláàfin alára sì máa bójú tó ètùtù, ìdájọ́ àti ọ̀ràn tí ó kan gbogbo ilẹ̀. Báyìí ni ọba tí kò ní ogun fi di olórí àwọn tí wọ́n ní ogun. Agbára wọn ni ó fi ṣe odi, oyè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀wù.

Ètò náà ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ọjọ́ náà ni ẹṣin wọn kò sì lè sọ̀kalẹ̀ síhà gúúsù bí ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn àti Ìjàyè bá ara wọn jà láàárín ọdún díẹ̀ sí i. Síbẹ̀ ìjà náà parí, ètò náà kò sì fọ́. Kí ni ó gbé e ró? Ó jọ lójú wa pé ohun kan ni: olúkúlùkù tí ó wà nínú ètò náà ni ó mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ìbàdàn rí ọlá gbà, Ìjàyè rí ọlá gbà, Ọ̀yọ́ rí ààbò gbà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí a ó fi wé ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ní Ọ̀yọ́ ìgbàanì, Àrẹ̀mọ, èyí tí í ṣe àkọ́bí ọba, a máa bá baba rẹ̀ pín agbára ìjọba, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ náà gbọ́dọ̀ kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́ tí ó sì gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin, kọ ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wí pé ní ìgbà láéláé, àkọ́bí ni ó ń jẹ lẹ́yìn baba rẹ̀, àti pé ní ayé Aláàfin Ọ̀jígí, ní ìdajì ìṣáájú ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ìwà ìkà Àrẹ̀mọ bí àwọn ará ìlú nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ baba àti ọmọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá bá ọba jẹ ayé gbọ́dọ̀ bá ọba lọ.

Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa. Ohun tí à ń pè ní àṣà àtayébáyé yìí, àtúnṣe ni òun náà nígbà kan rí. Àwọn àgbà kan jókòó, wọ́n rí ewu, wọ́n sì ṣe òfin láti dènà rẹ̀. Ewu náà kì í ṣe ohun kékeré: bí ọmọ bá mọ̀ pé ikú baba òun ni yóò sọ òun di ọba, ó lè má ní sùúrù dúró de ikú. Òfin náà sì fi àṣẹ sí ọwọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì láti yan ẹni tí ó wù wọ́n nínú àwọn ọmọ ọba yòókù. Òfin tí ó ní ìdí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi san owó rẹ̀, ìran dé ìran.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ti irú ọ̀nà yìí kọjá. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí àwọn Ọ́tómánì gbé jọba, òfin kan gba ọba tuntun láyè láti pa àwọn arákùnrin rẹ̀ kí ìjà má baà sí lórí ìtẹ́. Ní ọdún 1595, nígbà tí Mehmed Kẹta jẹ, mọ́kàndínlógún nínú àwọn arákùnrin rẹ̀ ni a pa. Ní ọdún 1603, Ahmed Kìíní gun orí ìtẹ́, ó sì dá arákùnrin rẹ̀ Mustafa sí. Nígbà tí Ahmed kú ní ọdún 1617, Mustafa náà jọba. Ìjọba yẹn pẹ̀lú dàgbà, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1839, nígbà tí Àtìbà ń kọ́ Ọ̀yọ́ tuntun, ni ọba wọn Abdülmecid mú kí a ka àṣẹ àtúnṣe kan sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, pé ẹ̀mí, ọlá àti ohun ìní olúkúlùkù yóò ní ààbò lábẹ́ òfin. Bí àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ara wọn, ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú wọn.

Nígbà tí ara Àtìbà kò le mọ́, ó pinnu pé ọmọ òun Adélù, Àrẹ̀mọ, kò ní kú, àti pé òun ni yóò jọba lẹ́yìn òun. Ó pe àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́, ó sì bá Ìbàdàn àti Ìjàyè sọ ọ́. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀. Ní ọdún 1859 Àtìbà wàjà, Adélù sì gun orí ìtẹ́. Kúrunmí kò wá kí i, kò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọba.

Níhìn-ín ni kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró díẹ̀ kí wọ́n ronú. Ọ̀rọ̀ méjì ni Àtìbà dì pọ̀ sínú ẹrù kan. Èkínní ni pé kí a má ṣe pa ọmọ nítorí pé baba rẹ̀ kú. Èkejì ni pé kí ọmọ náà di ọba. Èkínní jẹ́ àánú, ta ni yóò sì bá àánú jà? Èkejì jẹ́ ọ̀ràn agbára, nítorí ó gba yíyan ọba kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ayé àwọn baba wọn. Ẹni tí ó bá kọ èkejì yóò dà bí ẹni tí ó fẹ́ ikú ọmọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ọmọ là, ó di dandan kí ó fi í jọba. Báyìí ni òfin ìyè fi di òfin ogún.

A kò sọ èyí láti dá Kúrunmí láre. Ọkùnrin líle ni, ó fi ọwọ́ irin mú Ìjàyè, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ìfẹ́ àṣà nìkan ni ó wà ní ọkàn rẹ̀. Òun àti Ọ̀yọ́ ń du àwọn ìlú òkè Ògùn, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó kú ní Ìjànnà láì ní àrólé sì tún dá kún ìjà, nítorí Ọ̀yọ́ àti Ìjàyè jọ ń lépa ohun ìní rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí Kúrunmí di mú kì í ṣe òfìfo. Ó wí pé àṣà kò gbọdọ̀ bàjẹ́ lójú òun. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé kò bèèrè ìdí tí a fi dá àṣà náà sílẹ̀, àti bóyá ìdí náà ṣì wà. Àṣìṣe ti Ọ̀yọ́ sì ni pé wọ́n rò pé bí Ìbàdàn bá ti gbà, gbogbo ilẹ̀ ti gbà nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú, koko ní í le.

Ó sì le koko ní tòótọ́. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò fi ìdùnnú lọ, nítorí kò fẹ́ kí Yorùbá máa pa Yorùbá. Ṣùgbọ́n Ògúnmọ́lá àti àwọn mìíràn ń fẹ́ ogun, ogun sì ni ó dé. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ìyàn mú ní Ìjàyè. Àwọn ọmọ Kúrunmí ṣubú lójú ogun, ìbànújẹ́ sì pa baba wọn ní oṣù kẹfà ọdún 1861. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè ṣubú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: nítorí pé a fẹ́ dá ẹ̀mí ọmọ kan sí, ọmọ àìmọye kú.

Ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ rí nínú ìyà náà. Edward Roper, míṣọ́nnárì C.M.S., bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn nígbà tí ìlú ṣubú, wọ́n sì mú un lọ sí Ìbàdàn. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kó àwọn ọmọ kan láti Ìjàyè lọ sí Abẹ́òkúta. Ní Ìbàdàn, ọ̀nà dí mọ́ David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna, owó àti oúnjẹ wọ́n wọn, síbẹ̀ wọn kò tú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ká. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó dàgbà ní ibùdó yẹn ni Samuel Johnson, ẹni tí a bí ní Sàró ní ọdún 1846 tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ sì wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1858. Ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní ọdún 1897. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sọnù ní ìlú òyìnbó. Òun náà kú ní ọdún 1901. Arákùnrin rẹ̀ Obadiah tún un tò láti inú àwọn ìwé tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Nípa sùúrù àwọn méjèèjì ni púpọ̀ nínú ìtàn Àtìbà fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè ọmọ Ajah tí a dá dúró. Nígbà tí ogun Ìjàyè ń jó lọ́wọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Palma, èbúté tí ó wà létí òkun ní ìhà Lẹ́kí, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́wọ́ nínú àdéhùn ọdún 1854 pé ti Kòsọ́kọ́ ni, bọ́ sí ọwọ́ wọn pẹ̀lú Lẹ́kí ní ọdún 1863. Ogun náà kò sì parí ní Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń bá Ìbàdàn jà lọ, nítorí pé àwọn ará Rẹ́mọ ń jẹ́ kí ọjà dé ọ̀dọ̀ Ìbàdàn. Ní ọdún 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, tí ó wà ní òdìkejì ọ̀sà sí Ajah, títí Glover fi rán ọmọ ogun láti Èkó lọ lé wọn. Bí àwọn tí ó wà ní òkè ti ń ti ara wọn ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní etí òkun ń rí àyè ẹsẹ̀ gbé kalẹ̀. Ìjà ilé ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún àlejò.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí òfin Àrẹ̀mọ? Adélù jọba títí ó fi wàjà. Ní ọdún 1876, Láwàní ni Àrẹ̀mọ rẹ̀. Àwọn ìjòyè kò fi Láwàní jọba. Adéyẹmí, àbúrò Adélù, ni wọ́n yàn. Ṣùgbọ́n wọn kò pa Láwàní. Ó wà láàyè, ó sì dàgbà, nígbà tí Adéyẹmí sì wàjà ní ọdún 1905, Láwàní náà wá jọba, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1911. Ẹ rí i pé ẹrù méjì tí Àtìbà dì pọ̀ ni àkókò tú kúrò lára ara wọn. Àrẹ̀mọ kò kú, Ọ̀yọ́ Mèsì sì yan ọba. Àánú dúró, ẹ̀tọ́ àwọn tí ń yan ọba náà sì dúró. Ohun tí ogun Ìjàyè kò lè parí, ìpinnu kan tí kò ní ariwo ni ó parí rẹ̀.

Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí ohun kan. Àrẹ̀mọ kọ́ nìkan ni ó ń bá ọba kú. Àwọn mìíràn wà láàfin, ọkùnrin àti obìnrin, tí ikú ọba jẹ́ ikú fún wọn. Òfin Àtìbà yọ ọmọ tirẹ̀ kúrò nínú wọn. Kò yọ gbogbo wọn. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní òpin ọdún 1944, ojú ṣì ń wo Olókùn-Ẹṣin pé kí ó bá ọba rẹ̀ lọ, ìjọba òyìnbó ni ó sì dí i lọ́wọ́. Lórí ọ̀ràn yìí ni Dúró Ládiípọ̀ ṣe eré *Ọba Wàjà* ní ọdún 1964, tí Wọlé Ṣóyínká náà sì kọ eré tirẹ̀ jáde ní ọdún 1975. Àtúnṣe tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹni tí ó ṣe é kò tíì dé ilé. Bóyá bí Àtìbà bá ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ọba kú mọ́, àwọn tí ó gbọ́ ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó ń jà fún.

Ilẹ̀-ọba náà kò tún padà sí bí ó ti rí. Ìbàdàn borí gbogbo ilẹ̀ títí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi dìde sí i nínú ogun Kírìjì. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ ìwé sí gómìnà ní Èkó pé kí wọ́n wá bá wọn pa iná ogun; Johnson, tí a ti mẹ́nu kàn lókè, ni ó mú ìwé náà lọ. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun sì tú ká pátápátá ní ọdún 1893. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè láti wá pa iná kò padà lọ sí ilé rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Captain Bower yìnbọn lu Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀.

Kí ni a rí kọ́? Àtìbà kì í ṣe ọba tí ó kùnà. Ìlú tí ó tẹ̀ dó wà síbẹ̀, Aláàfin ṣì ń jẹ níbẹ̀, àwọn àkọ́bí ọba kò sì kú mọ́ nítorí ikú baba wọn. Ohun tí ó pín pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ dúró. Ohun tí ó fẹ́ fún ilé ara rẹ̀ ni a fi ogun san owó rẹ̀. Bí a bá fẹ́ tún àṣà kan ṣe, kí a kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí àwọn baba wa fi dá a sílẹ̀. Kí a ya ohun tí í ṣe àánú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí í ṣe èrè tiwa. Kí a sì pe àwọn tí yóò ru ẹrù náà kí a tó gbé e lé wọn lórí. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìjàyè ti jìn. Ojú ọ̀nà náà ṣì wà níwájú gbogbo ìlú, gbogbo ìjọ àti gbogbo ilé tí ó ní àṣà tí ó fẹ́ tún ṣe.